Òwúrọ̀ Tí Ẹsítà Kò Kan Pákó

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí akọ̀wé yín wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí n wá bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè máa gbàdúrà lójoojúmọ́ láìyẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n ní kí ó lọ wá ẹlòmíràn. Ó ní, "Bàbá, a máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa. A lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti bọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé tọkàntọkàn ló fi ń sọ ọ́. Kò mọ̀ pé odidi oṣù mẹ́jọ ni mo lò láìgbàdúrà kankan, nínú yàrá tí mo ń gbé ní Igbókòdá níbí, tí ìyàwó mi sì ń wò mí. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má retí ìwàásù lọ́wọ́ mi.

Ẹ ò mọ Ìsinmi, abúlé wa. Ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí òkun ló wà níbẹ̀ báyìí. Etí òkun ni àwọn bàbá wa tẹ̀ ẹ́ dó sí, téèyàn bá kọjá Ugbónlà tó sì ń tukọ̀ lọ. Gbogbo ilé wa ló dúró lórí òpó nínú omi. Pákó la fi tẹ́ ilẹ̀ wọn, pákó náà la fi ṣe afárá tó so ilé kan mọ́ èkejì. Bí ẹnì kan bá jí tó ń rìn lórí afárá, gbogbo wa la máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó sì mọ ẹni tó ń rìn, nítorí kò sí ẹni méjì tí ẹsẹ̀ wọn dún bákan náà.

Ní aago márùn-ún ìdájí, agogo á dún. Àgbà Orímisàn ló ń lù ú. Apẹja bíi tiwa ni, òun náà ló sì ń darí ìjọ wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí agogo bá ti dún tán, ilé tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù á dá orin. Wọ́n á kọ ẹsẹ kan, ilé kejì á gbà á, ilé kẹta á gbà á, bẹ́ẹ̀ ni orin náà á máa rìn lórí omi láti ilé dé ilé títí á fi dé ọ̀dọ̀ èmi àti Ẹsítà ìyàwó mi. Ilé wa ló kẹ́yìn. Ẹsítà ló máa ń parí orin náà ní ohùn gíga kan tí àwọn tó wà lórí òkun pàápàá ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á kúnlẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tó ti pẹ́ jù. Bí ilé kan kò bá kọ orin láàárọ̀ ọjọ́ kan, àlàfo á wà, gbogbo wa ló sì máa gbọ́ àlàfo náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹnì kan á ti dé ẹnu ọ̀nà wọn láti béèrè bóyá ara wọn ò yá. Ẹ̀yin ní fóònù tó ń jí yín. Ẹ ó fi ìka kàn án, á dákẹ́, ẹ ó padà sùn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Tiwa, ilé méjìlélógún ni ì bá gbọ́ pé o ò jí. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ènìyàn mímọ́ ni wá nígbà yẹn. Ìlú ló ń gbàdúrà, àwa kàn ń bá ìlú lọ.

Mo rántí òwúrọ̀ ọyẹ́ kan. Àwọ̀n tí mo fà lọ́jọ́ tó ṣáájú ti gba gbogbo agbára mi. Ẹsítà ń gbàdúrà, èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Níbi tí mo ti ń tòògbé, pákó kan tó ti jẹrà ṣẹ́ lábẹ́ orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wọ inú omi dé itan. Mo ké. Ẹsítà kò lajú. Ó gbàdúrà fún àwọn tó wà lórí òkun, ó gbàdúrà fún àwọn aboyún, ó gbàdúrà fún ọba, kó tó wá fà mí jáde. Mo bi í léèrè ohun tó dé tí kò fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, mo rò pé àdúrà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ yín lára ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀sán náà ní tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti dé àárín ọ̀run, níbikíbi tí a bá wà lórí omi, a ó gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí á sún mọ́ra, a ó di etí ọkọ̀ ara wa mú kí ìgbì má baà tú wa ká, a ó sì gbàdúrà. Kì í pẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹja kó sínú àwọ̀n mi lásìkò yẹn, okùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lọ́wọ́. Mo la ojú kan. Àgbà Orímisàn, tó di etí ọkọ̀ mi mú, tí òun alára kò lajú, ní, "Fi sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀. Kí a tó parí àdúrà, àwọn ẹja náà ti fa àwọ̀n mi ya, wọ́n ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rán an, mo sì fi ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bínú sí bàbá yẹn. Bó ṣe mọ̀ pé mo lajú, n kò tíì mọ̀ títí di òní.

Ìkórè wa ńkọ́? Ẹ̀ bá rí i. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni èéfín igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi, tí àwọn ìyá fi ń yan ẹja, á ti bo gbogbo afárá, ojú á máa ta wá, inú wa á sì máa dùn. Àwọn ọkọ̀ á dé láti Òde Ugbò àti láti Àrárọ̀mí, wọ́n á ti so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú wọn. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á máa kọrin bọ̀, àwa tó wà lórí afárá á máa gbè é. Edé, pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àgbọn, ẹja tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Nígbà ìkórè tiyín, ẹ̀rọ amóhùndún ni mo ń gbọ́, n kì í gbọ́ ohùn ẹnì kankan nínú yín. N kò fi bú yín. Ohùn ni mo ń wá, etí mi ló ti mọ́ ọn lára.

Òkun kò dé lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ jẹ ọ̀wọ́ àgbọn tó wà níwájú abúlé. A sọ pé yóò dúró níbẹ̀. Ó jẹ itẹ́ òkú, omi ń hú egungun àwọn ènìyàn wa jáde, a sì ń fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn. Ó jẹ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tú ṣọ́ọ̀ṣì ní pákó pákó, tí a rù ú lọ sẹ́yìn, tí a tún un kàn. Ìgbà tó di ẹ̀kẹrin, kò sí ẹ̀yìn mọ́.

Nígbà tó ku ilé mọ́kànlá, Àgbà Orímisàn ní kí a gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Àwọn ọmọdé gan-an ń gbà á di ọ̀sán. Ní tèmi, n kò tíì gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé láti ìgbà àwọn bàbá wa, kò sí òwúrọ̀ kan tí a kò kọrin sí I, pé kí Ó wo ìyẹn mọ́ wa lára. Mo dojú bolẹ̀ lórí pákó, mo gbọ́ omi tó ń lu òpó lábẹ́ ibi tí mo dojú bò, mo sì ń sọ ọ́ léraléra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, a ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí ìgbì ńlá dé. A sá jáde sórí afárá. A dúró síbẹ̀, a ń wo ṣọ́ọ̀ṣì wa bó ṣe ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òpó iwájú ṣẹ́, òrùlé wọ inú omi. Àgbà Orímisàn yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ parí orin yẹn." Wọ́n parí rẹ̀. Ẹsítà fi ohùn gíga rẹ̀ yẹn parí rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Èmi pa ẹnu mi dé. Nǹkan kan nínú mi ń béèrè pé, ta ni ẹ ń kọ ọ́ fún?

Kí ọdún yẹn tó parí, gbogbo wa ti túká. Àgbà Orímisàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ugbónlà. Bọ́lá, ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, gba yàrá kan fún wa ní Igbókòdá níbí. Ilẹ̀ gbígbẹ. Ní oṣù àkọ́kọ́ wa níbí, n kò lè sùn, nítorí n kò gbọ́ omi lábẹ́ mi. Ohun tí mo ń gbọ́ ni jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà. Kò sí agogo, kò sì sí ilé kejì tí yóò gba orin. Síbẹ̀, ní aago márùn-ún, Ẹsítà á fi ìka kan pákó orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta láti fi jí mi, á dá orin náà, á kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní òun nìkan. Mo máa ń kúnlẹ̀ tì í. Orúnkún mi wà níbẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa edé. Mo rí i tó dẹ ọwọ́, tó ń wo àwo náà bí ẹni pé kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nígbà tí a fi máa gbé e bọ̀ láti ọsibítù, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago márùn-ún, mo gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Ọwọ́ òsì ló fi kan pákó. Ó ń retí mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, òun ló ń gbàdúrà sókè, èmi ló ń tẹ̀ lé e. Ó wá kàn mí. Mo yíjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Oṣù mẹ́jọ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń bọ́ ọ, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo ń gbé e síta kí oòrùn lè tàn sí i lára. Kò sí ohun tí ọkọ lè ṣe tí n kò ṣe, àyàfi ẹyọ ohun kan tó ń bẹ̀ mí fún. Ojoojúmọ́ ló ń kan pákó yẹn. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, jẹ́ kí n sùn. Kí ni gbogbo rẹ̀ ṣe fún wa?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ní aago márùn-ún, ó tún kàn án.

Ẹ má rò pé ara tù mí lásìkò yẹn. Mo rò pé bí mo bá ti fi àdúrà sílẹ̀, ìbínú náà á fi mí sílẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀. Ó bá mi jókòó ti oúnjẹ, ó bá mi lọ sí èbúté, níbi tí mo ti máa ń jókòó wo omi, tí àwọn ìrònú tí n kò ní sọ fún ọmọdé máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé mi dìde kúrò níbẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò bọ́ Ẹsítà lọ́sàn-án.

Àsìkò yẹn ni Àgbà Orímisàn wá wò wá. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde nínú ọkọ̀ ni. Ó jókòó ti Ẹsítà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo sìn ín padà sí èbúté, mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo ní, "Bàbá, kí ni àdúrà wa ṣe?"

Ó ní, "N kò mọ̀."

Mo ti ń retí pé yóò bá mi wí. N kò retí ìyẹn. Mo ní, "Ẹ ṣì ń gbà á?"

"Mo ṣì ń gbà á."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń gbà á, nígbà tí ẹ ò mọ̀?"

Ó dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ibi tí pákó èbúté ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọma mi, mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lè ṣe é. Ó ṣòro fún mi ju gbígbà á lọ." Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi sínú ọkọ̀. N kò rí i mọ́ láyé.

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló yí mi padà. Rárá. Mo padà sílé, ọjọ́ ń lọ, Ẹsítà ń kan pákó, èmi ń wo ògiri.

Ó wá di òwúrọ̀ kan tí mo jí tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró. Mo gbọ́ ọ̀kadà tó kọ́kọ́ kọjá. Mo gbọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ lójú fèrèsé, kò sì tíì kàn án. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè yíjú, nítorí mo rò pé ó ti kú. Nígbà tí mo yíjú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Ó ń mí.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, o ò kàn án lónìí."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Mo ti rí òkun tó gbé ilé mi. Mo ti rí egungun ìyá mi nínú apẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó dùn mí tó bó ṣe yíjú yẹn. Mo wá mọ̀ pé ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí mo ń sọ pé n kò ní ìgbàgbọ́ mọ́, tirẹ̀ ni mo ń jẹ. Mo ń dùbúlẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹnì kan nínú yàrá yìí kò tíì juwọ́ sílẹ̀. Ó ti wá juwọ́ sílẹ̀, kò sì ku ẹnì kan.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Mo la ẹnu láti ka sáàmù tí mo ti mọ̀ láti kékeré, kò jáde. Mo wá orin, mi ò rí i. Ojú ń tì mí, èmi àgbàlagbà. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni orúkọ ilé. Mo ní, "Olúwa, rántí ilé Jóṣúà. Rántí ilé Ìyá Dọ́kásì. Rántí ilé àwọn ìbejì." Mo ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe tò lórí afárá, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wá, méjìlélógún, ilé tó ti bọ́ sínú omi àti àwọn tó gbé inú wọn. Ní ibi tí mo dé ilé kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì ń bá a lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ẹsítà ti yíjú padà sí mi.

Ṣé ó wá rọrùn láti ọjọ́ yẹn? Ní ọjọ́ kejì gan-an, ó kan pákó, n kò dìde. Ọjọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn, pé kò sí ìdí láti tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, mo tún dé." N kò ṣàlàyé ibi tí mo lọ. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Mo ṣì máa ń pa á jẹ nígbà míràn. Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ kò ju pé kí n má jẹ́ kí ọjọ́ tí mo pa á jẹ gba ọjọ́ tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ mi. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ìbínú nìkan ni mo ní láti gbé síwájú Rẹ̀, mo sì ń gbé e síbẹ̀. Òkun kò dá nǹkan kan padà. Ẹsítà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. N kò ní ẹ̀rí láti jẹ́ fún yín ní ti ìyẹn.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má dá a ṣe. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò mọ̀ bí ẹ kò bá jí. Èyí tí mo lè fi lé yín lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Láàárọ̀ òní, mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà nígbà tí mo mọ̀ pé Ẹsítà ti tọ̀ sára. Mo dá àdúrà dúró. Mo gbé omi, mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo fọ èyí tó tutù, mo sá a síta. Nígbà tí mo padà wọlé, oòrùn ti yọ, ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò sì rántí ibi tí mo dé. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ìyá Bọ́lá, níbo la dé?" Ó wò mí. Ó la ẹnu, ohùn kan sì jáde, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sílẹ̀, tó gùn. N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo dúró títí ó fi parí rẹ̀, mo ṣe àmín, mo bẹ ìyá tó wà ní yàrá kejì kó bá mi jókòó tì í, mo wọ bàtà, mo wá bá yín.